Ìwé ni mo rán an lọ kọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan láyé ọjọ́sí, tó ti di ará London báyìí, kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì òun fẹ́ rán òun lọ sí Ṣáínà láti lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ tíṣà ni wọn yóò kọ sínú físà rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ìhìnrere gan-an ló ń bá lọ. Òfin tí ìjọba Ṣáínà ṣe lọ́dún 1994 kò sì gbà kí àlejò máa fa ọmọ ìlú wọn wọ inú ẹ̀sìn tirẹ̀. Ó wá bi mí pé: "Prof, ṣé irọ́ ni mo fẹ́ lọ pa ni? Ṣebí bí àwọn òyìnbó ṣe ṣe é fún wa náà nìyẹn?"

Ìbéèrè kejì yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí, torí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é fún wa.

Nígbà tí Townsend àti Crowther wọ Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí wọ́n bá wá. Oníwàásù ni wọ́n, wọn ò sì fi pa mọ́. Èdè tí wọ́n sì fẹ́ fi wàásù kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Sàró ni Crowther fúnra rẹ̀ ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lọ́dún 1822. Síbẹ̀, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ló gbé jáde lọ́dún 1843, Yorùbá ló fi wàásù ní Freetown ní oṣù kìíní ọdún 1844, nígbà tó sì di 1884, odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọkàn ẹ sọ̀rọ̀ kò ní fi èdè tí o ń gbọ́ ní ìlàjì bá ẹ sọ ọ́. (Ọ̀rọ̀ mélòó kan tí wọ́n fi wàásù ọ̀hún, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti yá a: àlùfáà, àdúrà, títí kan wàásù fúnra rẹ̀, Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀yin tí mo kọ́ rántí bí kíláàsì ṣe máa ń rẹ́rìn-ín níbí yìí.)

Ta ló wá ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì? Àwọn òbí ni. L'Ékòó, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè di akọ̀wé lọ́dọ̀ ìjọba tàbí lọ́dọ̀ oníṣòwò òyìnbó, ó sì lè ka ìwé kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 wá so owó ìrànwọ́ ìjọba mọ́ kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tán. Ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tó bá fẹ́ owó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Báyìí ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe di ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: ọmọ wá kọ́ ABD, ó bá katikísímù pàdé.

Ó yé àwọn Mùsùlùmí Èkó kíá. Ọ̀pọ̀ wọn kò jẹ́ kí ọmọ wọn lọ, títí ìjọba fi dá ilé ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1896. Nígbà tó di 1923, àwọn fúnra wọn dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, kí ọmọ lè kàwé láìfi ẹ̀sìn sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n dì sínú rẹ̀ ni wọ́n kọ̀.

Mo mọ̀ ọ́n ju inú ìwé lọ. Yésúfù ni bàbá wa mú lọ sí ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kan, Joseph ló padà wálé. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹnì kan ò sì bá bàbá sọ ọ́. Bàbá kò bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tó ń sọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé, "Ìwé ni mo rán an lọ kọ́." Ọdún méjì gbáko ló fi kọ̀ láti mú èmi lọ sí ilé ìwé kankan. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ló bẹ̀ ẹ́ tó fi gbà.

Mo sọ eléyìí fún ọmọbìnrin náà. Mo sì rán an létí iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nílé níbí ní oṣù kìíní ọdún 1970, ní St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, lábẹ́ Fáfúnwá. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ya Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀ fún tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n tún mọ àwọn iṣẹ́ yòókù ju ẹgbẹ́ wọn lọ. (Mùsùlùmí ni Fáfúnwá, ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ṣe é, gbogbo ayé ló sì mọ ohun tó wá ṣe.) Iṣẹ́ ni kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tó iṣẹ́ ṣe. Bí àgbàlagbà bá bi ẹ́ léèrè ìgbàgbọ́ ẹ, dá a lóhùn, èmi ò rí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tí bàbá rẹ̀ san owó Gẹ̀ẹ́sì fún ńkọ́?

Ó fèsì lálẹ́ àná. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ bi ṣọ́ọ̀ṣì bóyá orúkọ wọn lè wà nínú ìwé tí òun máa fi wáṣẹ́ náà.