Ohùn Báàsì Tó Ń Pa Ni Lẹ́rìn-ín
Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Zanguéra a máa rò pé ẹkún nìkan ni ópérà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì ní olórin báàsì apanilẹ́rìn-ín, basso buffo. Ní Paris, lọ́dún 1843, Luigi Lablache ló kọ́kọ́ ṣe Don Pasquale nínú eré Donizetti: àgbàlagbà olówó tí wọ́n fi ìgbéyàwó ayédèrú tàn. À ń fi í rẹ́rìn-ín títí ìyàwó fi gbá a létí. Orin rọlẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe wá.

Bẹ́ẹ̀ ni Baba Sala nínú fíìmù Ọ̀run Móoru (1982): òfò mú kí ó fẹ́ pa ara rẹ̀, síbẹ̀ ó pa wá lẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹ jẹ́ kí a bọlá fún àwọn tó mọ ibi tí méjèèjì ti pàdé.