Ọkọ̀ ojú omi tòkunbọ̀: Ẹ wà á lórí omi kí ẹ tó kówó sílẹ̀

Kò sí irú ọjà tòkunbọ̀ tí ará Ìkẹjà àti Agége kò mọ̀. Mọ́tò tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Oregun, jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ní Ọgbà, fíríìjì inú ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà Agege Motor Road, títí dé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà ní Otigba, èyí tí wọ́n ti lò rí lókè òkun ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn wa ti ń yẹ irú ọjà bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gbọ́ ohùn injíìnì, wọ́n á wo èéfín tó ń jáde, wọ́n á sì gbé mọ́tò náà yí àdúgbò ká kí wọ́n tó dárúkọ iye tí wọ́n fẹ́ san.

Ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá ti di ti ọkọ̀ ojú omi, ọ̀pọ̀ ẹni tí wọn kò lè rẹ́ jẹ ní Ládipọ̀ tàbí ní Berger ló máa ń kówó sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra àgbàdo sísun. Wọ́n á wo ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn sára ọkọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n ta injíìnì lẹ́ẹ̀kan péré níbi tí ọkọ̀ wà létí omi, ọjà ti parí nìyẹn. Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mọ́tò tó bá bàjẹ́ lọ́nà, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n máa tì í sí. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ láàárín ọ̀sà kò ní ẹ̀gbẹ́ títì kankan.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹ̀yin tí ẹ wà lókè nítorí pé Ìkẹjà àti Agége jìnnà sí ọ̀sà. Ẹni tó rí èrè díẹ̀ nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé, búrẹ́dì ṣíṣe tàbí ike títà lè pinnu lọ́la pé òun fẹ́ fi ọkọ̀ kan sójú omi, kó máa gbé èrò láti Ìkòròdú lọ sí CMS tàbí Èbúté Èrò. Òmíràn fẹ́ èyí tó máa gbé òun àti ìdílé ẹ̀ lọ sí Tarkwa Bay lópin ọ̀sẹ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ mọ irin, wọ́n mọ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n wọn kò mọ omi. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n àwọn tó ń tà á fi ń ju tiwọn lọ.

Oríṣi mẹ́ta tó wà lọ́jà

Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ fáíbà tí wọ́n gbé injíìnì kọ́ sẹ́yìn, irú èyí tó ń gbé èrò káàkiri Èkó. Ìkejì ni èyí tí injíìnì dísẹ́ẹ̀lì ẹ̀ wà nínú ikùn ọkọ̀. Ìkẹta ni ọkọ̀ ìgbòkun tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò, tó ní yàrá ìsùn àti ibi ìdáná nínú, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ, tó sì ní injíìnì kékeré kan tó fi ń wọ èbúté.

Ẹ̀ka kẹta yìí kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ kì í ṣe àjèjì. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn apẹja ọ̀sà Èkó ti ń ta ìgbòkun sórí ọkọ̀ onígi. Láti ọdún 1932 ni Lagos Yacht Club sì ti wà, níbi táwọn èèyàn ti ń fi ọkọ̀ ìgbòkun díje. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tó máa wà á sí. Ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà Èkó ni kò jìn. Eegun ìdí ọkọ̀ ìgbòkun ńlá sì lè rì wọ inú omi tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì, nítorí náà yóò máa fìdí gbálẹ̀ níbi tí ọkọ̀ fáíbà ti ń kọjá wẹ́rẹ́. Òpó ẹ̀ tó ga fíofío náà kò ní lè gba abẹ́ Carter Bridge kọjá. Bí ẹ bá ra irú ọkọ̀ yìí, ọ̀nà Marina, Apapa àti òkun gbangba ni ó wà fún, kì í ṣe fún ọ̀nà Ìkòròdú.

Ọ̀fẹ́ pàápàá lówó nínú

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn ni iye tí wọ́n pè é. Ní ọdún 1892, wọ́n fún ọ̀gákọ̀ kan tó ń jẹ́ Joshua Slocum ní ògbólógbòó ọkọ̀ ìgbòkun kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Spray ni orúkọ ọkọ̀ náà. Kò san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Síbẹ̀, oṣù 13 ló fi tún un ṣe, dọ́là 553 àti sẹ́ǹtì 62 ló sì ná lórí ohun èlò, owó gidi láyé ìgbà náà. Ọkọ̀ yìí ló fi gbéra ní 1895, tó dá nìkan wà á yí gbogbo ayé ká, tó sì gúnlẹ̀ padà ní 1898. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ àlòkù lè lágbára ju tuntun lọ bí wọ́n bá tún un ṣe dáadáa. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé iye tí ẹ san fún ẹni tó ta ọkọ̀ kì í ṣe iye tí ọkọ̀ náà máa ná yín.

Ìwé ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ̀, ẹ béèrè ìwé. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tó fi hàn pé wọ́n san owó ẹrù ẹ̀ dà? Rìsíìtì ẹni tó tà á fún ẹni tó ń tà á fún yín dà? Nọ́ńbà tó wà lára injíìnì ńkọ́, ṣé òun náà ló wà nínú ìwé? Injíìnì ọkọ̀ ojú omi kò ṣòro láti tú, olè sì fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti ha nọ́ńbà náà kúrò, ẹ fi ọjà ọlọ́jà sílẹ̀. Bí wọ́n bá tà á fún yín ní ìdajì owó, wàhálà àgọ́ ọlọ́pàá ló máa gba ìdajì yòókù.

Ẹni tó fẹ́ fi kérò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó láṣẹ pẹ̀lú. Òfin ọdún 1997 ló dá NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi abẹ́lé, sílẹ̀. Ní 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá LASWA tiẹ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì fa ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, títí tí Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ lọ́jọ́ karùn-ún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, pé ìjọba àpapọ̀ nípasẹ̀ NIWA ló ni àṣẹ. Ẹ lọ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ lára ọkọ̀ èrò kí ẹ tó rà á, kó má di pé ẹ rà á tán kí wọ́n tó sọ fún yín pé kò yẹ lójú omi.

Lórí ilẹ̀, ẹ lù ú gbọ́

Ọkọ̀ tó wà nínú omi ti fi ìdajì ara ẹ̀ pa mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á gòkè. Ẹ mú òòlù onírọ́bà tàbí ìdí ṣúkúdíráfà, kí ẹ máa lù ú díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí fáíbà bá ti le, ó máa dún ganran-ganran. Ibi tó bá dún bòm̀ bí ìlù tí awọ ẹ̀ ti rọ̀, fáíbà inú ẹ̀ ti ń ya kúrò lára ara wọn, tàbí kí omi ti wọ inú igi tí wọ́n fi fáíbà bò. Ẹ wò ó bóyá ara ẹ̀ yọ róró bí ẹni tí iná jó. Ẹ wo ibi tí ọ̀dà ti yàtọ̀ sí ara yòókù, torí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ rí nìyẹn.

Ibi tó ń pa èèyàn jù ni ògiri ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n de injíìnì mọ́. Igi ló sábà máa ń wà láàárín fáíbà ibẹ̀. Ẹ di ìsàlẹ̀ injíìnì mú, ẹ gbé e sókè-sódò gírígírí. Bí ògiri náà bá ń mì tàbí tí omi aláwọ̀ ilẹ̀ ń sun lẹ́bàá bóòtù, igi ti jẹrà. Injíìnì lè já bọ́ sínú ọ̀sà lọ́jọ́ kan tòun ti owó yín.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun, ẹ tún wo àwọn wáyà tó di òpó mú. Wáyà kan tó bá ti tú, tàbí tó ń dípẹtà níbi tó ti wọ irin, lè wó gbogbo òpó lulẹ̀. Ẹ wo bóòtù tó di eegun ìdí ọkọ̀ mú, ẹ sì tẹ́ aṣọ ìgbòkun sílẹ̀. Oòrùn ni ọ̀tá ẹ̀. Bó bá ń ya bíi pépà lójú rírán, tuntun lẹ máa rà, kì í sì í ṣe owó kékeré.

Injíìnì tútù ni kí ẹ bá

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ń tà á máa ń dá: wọ́n á ti ta injíìnì kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kàn án. Bó bá ti gbóná, ẹ lọ jókòó títí tó fi máa tutù, torí injíìnì tó rẹ̀ kì í fẹ́ jí láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo èéfín. Dúdú ní injíìnì dísẹ́ẹ̀lì túmọ̀ sí pé iṣẹ́ pọ̀ jù fún un tàbí pé epo kò jó tán. Aláwọ̀ sánmà, ó ń jẹ ọ́ìlì. Funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó gbóná, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ inú ẹ̀.

Èyí tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ní ihò kékeré kan tí omi máa ń tú jáde. Bí omi yẹn kò bá jáde geere, injíìnì kò rí omi tútù fà, á sì gbóná jó. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín, kì í ṣe tẹni tó ń tà á, wọn agbára inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má jìnnà síra wọn. Kó tú ọ́ìlì gíà ìsàlẹ̀ náà wò. Bó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ gíà. Omi ibẹ̀ tún máa ń níyọ̀, pàápàá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń fi omi tó dára ṣan injíìnì náà lẹ́yìn iṣẹ́.

Lórí omi ni òtítọ́ wà

Ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn o. “Alàájì, injíìnì yìí ò ní wàhálà kankan, ẹ ṣáà gbé e lọ.” Èsì kan ṣoṣo ló tọ́ sí i: “Mo gbọ́, àbúrò. Jẹ́ kóun fúnra ẹ̀ sọ ọ́ fún mi lórí omi.”

Ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í ṣe ìdánwò. Ẹ wà á fún wákàtí méjì, ó kéré tán, lójú mọmọ, kí gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀ sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ẹ má wà á lófìfo. Bó bá jẹ́ èrò 20 lẹ fẹ́ máa gbé, tí ẹ ka ẹnì kọ̀ọ̀kan sí kílò 75, kílò 1,500 nìyẹn, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì oníkílò 50 ọgbọ̀n. Ẹ di iyanrìn tó tẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ káàkiri. Ọkọ̀ tó ń sáré bí ẹṣin pẹ̀lú èèyàn méjì lè má lè gbé imú sókè tí ẹrù bá wọ̀ ọ́.

Ẹ wà á tẹ̀lé omi, ẹ tún wà á kọjú ìjà sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìparí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó yí dé ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe é kọ sínú ìwé ẹ̀. Ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, ẹ fi rìn sẹ́yìn, ẹ pa á láàárín omi kí ẹ tún ta á nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ ju ìdákọ̀ró sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun, ẹ pa injíìnì pátápátá, kí ẹ ta gbogbo aṣọ ẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń gbọ́ ti ìtọ́kọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó gbéra, ẹ nu ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀ gbẹ. Tí ẹ bá dé, ẹ tún wò ó. Omi tó bá wà níbẹ̀ ti wá ọ̀nà gba ibì kan wọlé.

Ẹ kún táǹkì kí ẹ tó lọ, ẹ tún un kún tí ẹ bá dé, kí ẹ kọ iye lítà sílẹ̀. Ibi tí òwò wà nìyí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé injíìnì tó dáa ń jẹ lítà 18 ní wákàtí kan, tó sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rin lóòjọ́. Lítà 72 ni. Kó tó di ìparí oṣù karùn-ún 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan jẹ́ nǹkan bíi náírà 185 l'Ékòó, 13,320 náírà nìyẹn. Ní oṣù kẹwàá 2024 tí lítà kan ti tó nǹkan bíi 1,000 náírà, ó di 72,000. Bí injíìnì gbígbó bá ń jẹ lítà 24 dípò 18, 24,000 náírà ló ń sọ nù lójúmọ́. Lọ́jọ́ 25 tó fi ṣiṣẹ́ lóṣù, 600,000 náírà ti bá omi lọ. Ọkọ̀ tí ẹ rà lówó pọ́ọ́kú ló ń jẹ yín run bẹ́ẹ̀.

Ìwé àdéhùn kí owó tó jáde

Ní ilẹ̀ òyìnbó, ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ sábà máa ń san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé owó náà máa padà bí àyẹ̀wò àti ìdánwò orí omi kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó fẹ́ rà á ló ń sanwó fún fífà á gòkè àti fún ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ohun tó ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, kí lọ́yà sì fọwọ́ sí i. Gbogbo àléébù tí ẹ bá rí, ẹ kọ iye tí yóò ná yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ mọ́ á bá yín dúnàá dúrà lórí ẹ̀. Ẹni tó bá ń bínú pé ẹ ní kí ọkọ̀ òun wọ omi ti dáhùn ìbéèrè yín.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ẹ ya owó mìíràn sọ́tọ̀ fún ìtúnṣe, fún jákẹ́ẹ̀tì tó bá iye èrò mu, fún awakọ̀ tó mọṣẹ́ àti fún ibi tí ọkọ̀ máa sùn. Bí owó tó wà lọ́wọ́ bá tó ra ọkọ̀ nìkan, owó ọkọ̀ kò tíì pé nìyẹn. Ẹ ní sùúrù. Wọ́n ń kó tòkunbọ̀ mìíràn bọ̀, àmọ́ ẹ̀mí èrò tó máa wọ ọkọ̀ yín láàárọ̀ kò ní tòkunbọ̀.