Muscadet: Bí Wáìnì Ìlú Nantes Ṣe Bá Ọ́ísítà Pàdé
Ní àyíká ìlú Nantes, níbi tí odò Loire ti fẹ́ já sí Òkun Àtìláńtíìkì ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti ń pọn Muscadet, wáìnì funfun kan tí kò ní adùn ṣúgà, tí òórùn rẹ̀ kò sì le, ṣùgbọ́n tí kì í wọ́n lórí tábìlì bí àwọn ará ibẹ̀ bá ń jẹ ọ́ísítà, ìyẹn ẹran òkun tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì tó pàdé mọ́ra. Ọtí yìí bá oúnjẹ náà mu débi pé ènìyàn lè rò pé ọlọ́gbọ́n kan ló jókòó ṣètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò àwọn àjèjì, òtútù ọdún kan ṣoṣo àti àgbá tí àwọn àgbẹ̀ fi pamọ́ ló gbé e débẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ń ṣini lọ́nà, nítorí kò bá Muscat, àjàrà olóòórùn dídùn nì, tan rárá. Èso tí wọ́n fi ń ṣe é ni Melon de Bourgogne, èyí tó túmọ̀ sí bàrà ilẹ̀ Bourgogne, ẹkùn kan ní ìlà-oòrùn Faransé. Àyẹ̀wò DNA ti fi hàn pé Pinot àti Gouais Blanc ló bí i, èyí tó sọ ọ́ di ọmọ ìyá Chardonnay tí gbogbo ayé mọ̀. Síbẹ̀ Bourgogne gbé Chardonnay gẹ̀gẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n hú Melon dànù.

Ní ọ̀rúndún 17, àwọn oníṣòwò Dutch ń gbé ọkọ̀ ojú omi wá sí ẹnu odò Loire láti ra wáìnì funfun tí wọ́n máa sè bí ìgbà tí a bá ń sè ẹmu di ògógóró, tí wọ́n sì ń pè ní 'brandewijn', wáìnì sísun, níbi tí orúkọ burándì ti jáde. Ọtí tí wọ́n fẹ́ sè báyìí kò nílò adùn. Kí ó kan, kí ó pọ̀, kí ó sì pọ́ọ́kú ni wọ́n ń wá, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ yí padà sí àjàrà funfun. Lẹ́yìn èyí ni òtútù ọdún 1709 dé, tí wáìnì dì nínú àgbá, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi àjàrà sì kú. Nígbà tí wọ́n tún oko gbìn, Melon tó máa ń fara da òtútù, tó sì tètè ń pọ́n, ló gba ipò iwájú. Kò sì yẹ kí a fo èyí: Nantes ni olórí èbúté òwò ẹrú ilẹ̀ Faransé nígbà náà, tí ìrìn-àjò tó lé ní 1,700 ti ibẹ̀ gbéra, burándì sì wà lára ọjà tí wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ ọmọ ènìyàn ní etíkun bíi Ouidah, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló wá sọ ọtí náà di ohun tí a mọ̀ lónìí. Bí ìwúkàrà bá ti sọ ṣúgà inú omi àjàrà di ọtí tán, yóò kú, yóò sì rọlẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe ń rọlẹ̀ sí ìdí akèrègbè ẹmu. Níbòmíràn, wọn a tètè da ojú wáìnì kúrò lórí rẹ̀. Ní Nantes, wọn a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìkùdù kọnkéré abẹ́ ilẹ̀ títí òtútù yóò fi kọjá, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò láti oṣù Kẹta lọ. 'Sur lie', lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí, àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń sọ pé inú àgbá tí àwọn àgbẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kíyè sí i. Ìwúkàrà tó kú náà ń fún ọtí ní ara, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ bà á jẹ́, ó sì ń fi ìtani díẹ̀ sílẹ̀ fún ṣóńṣó ahọ́n.

Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ la ọ́ísítà, omi òkun ṣì máa ń wà nínú ìkarahun rẹ̀; wáìnì pupa sábà máa ń mú kí adùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn bá lá irin, ṣùgbọ́n kíkan Muscadet ń ṣe iṣẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ fún un. Bákan náà ló rí pẹ̀lú 'beurre blanc', ọbẹ̀ bọ́tà funfun tí wọ́n sọ pé Clémence Lefeuvre, alásè kan nítòsí Nantes, ló dá sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún 19: wọn a rẹ́ àlùbọ́sà kéékèèké, wọn a sè é nínú Muscadet àti ọtí kíkan títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, wọn a wá máa fi bọ́tà tútù lù ú díẹ̀díẹ̀ lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi ki, kí wọ́n tó dà á lé ẹja odò Loire lórí.

Ní 1936 ni òfin dáàbò bo orúkọ Muscadet Sèvre et Maine. Ní 2011, àwọn abúlé Clisson, Gorges àti Le Pallet gba ẹ̀tọ́ láti kọ orúkọ tiwọn sára ìgò, bí wáìnì wọn bá ti pẹ́ ju ọdún kan lọ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, irú èyí sì nípọn tó láti bá adìẹ àti wàràkàṣì lọ. Síbẹ̀, owó tí wọ́n ń tà á kò tíì sún mọ́ ti Chardonnay Bourgogne, ọmọ ìyá rẹ̀.