Bí Ẹ Bá Ń Kó Ọmọ Lọ sí Etí Òkun, Ẹ Mú Àwọ̀n Dání

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Èkó ni kò mọ ẹja ju èyí tó ti wà nínú ọbẹ̀ lọ. Wọ́n dá Titus mọ̀ yàtọ̀ sí Kote, wọ́n mọ adùn edé nínú ẹ̀fọ́ rírò, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rí edé tó ń ta pọ́ún nínú omi rí. Bẹ́ẹ̀ òkun kò jìnnà sí wọn. Nígbà tí òbí bá sì kó wọn débẹ̀, súyà, ẹṣin gígùn àti orin tó ń dún kíkankíkan ni wọ́n ń bá pàdé. Àwọ̀n kékeré tí a so mọ́ ọ̀pá, pẹ̀lú korobá funfun kan, ti tó láti yí ìjáde náà padà.

Ibi tí a ó lọ ṣe pàtàkì ju àwọ̀n lọ. Ìgbì tó ń rọ́ lu iyanrìn ní Lẹ́kí lágbára, omi tó ń fà padà níbẹ̀ sì lè gbé àgbàlagbà tó mọ̀wẹ̀ lọ, ká má tilẹ̀ sọ ti ọmọdé. Ní tèmi, Tarkwa Bay ni mo yàn. Ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ débẹ̀. Ògiri òkúta tí ìjọba amúnisìn kọ́ sí ẹnu ọ̀sà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, kí ọkọ̀ ńlá lè wọ èbúté, ló ń gba ìgbì dúró fún un. (Ògiri yìí kan náà ló dí iyanrìn lọ́nà tí òkun fi jẹ Bar Beach, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Síbẹ̀, kí omi má kọjá orúnkún ọmọ, kí àgbà kan má sì gbé ojú kúrò lára wọn.

Òkun a máa kún, a sì máa fà, ní ẹ̀ẹ̀méjì-méjì lójúmọ́. Ìgbà tó bá fà ni kí ẹ lọ. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó di àrànmọ́jú, ni ó ń fà jù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ihò inú iyanrìn. Akàn aláwọ̀ iyanrìn, tí ojú rẹ̀ yọ síta lórí ọ̀pá, ló ni ín. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń sáré, àwọ̀n kì í sì í tètè bá a. Èyí tó wù mí jù ni akàn ayálégbé. Ìdí rẹ̀ rọ̀, kò sì ní ohun tó bò ó, nítorí náà inú ìkarahun ìgbín òkun tó ti kú ló ń gbé. Bó ti ń dàgbà ni ilé ń fún un, a sì máa wá òmíràn kiri. Ọmọ Èkó tó ti bá òbí rẹ̀ kó ẹrù rí yóò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ìkarahun ẹlẹ́wà tí a ń kó relé, ilé tí irú akàn bẹ́ẹ̀ ń wá ni.

Ẹ rọra wọ́ àwọ̀n nínú omi tí kò jìn. Edé tínrín tí ìfun rẹ̀ hàn síta lè wọ̀ ọ́, àti ọmọ ẹja tí kò ju èékánná lọ. Etí omi ni ọ̀pọ̀ ẹja ti ń lo ìgbà èwe wọn, níbi tí ẹja ńlá kò ti lè dé. Ẹ̀wádún ìṣẹ́jú ti pọ̀ jù fún wọn nínú korobá tí oòrùn ń pa: ẹ gbé e sí ibòji, ẹ fi omi tutù sọ́wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹja, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì dà á padà jẹ́jẹ́.

Bí ẹ bá rí ohun aláwọ̀ búlúù tó dà bíi fèrè tí ọmọdé ń fẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ a máa ta ni bí agbọ́n, kódà lẹ́yìn tó bá ti kú.

Ohun kan ṣoṣo tí àwọ̀n yóò gbé tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dá padà sínú omi ni ọ̀rá. Lọ́jọ́ mìíràn, yóò pọ̀ ju ẹja lọ. Ẹ mú àpò lọ́wọ́ fún un.