Oògùn Àgùntàn Tó Wọ Ilé Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ

Ẹni tó bá gbé Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ dàgbà nígbà tiwa kò ní gbàgbé Ketrax. Alẹ́ ni wọ́n máa ń fún wa, kí aràn lè bá ìgbẹ́ òwúrọ̀ jáde. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá mi á dúró ti póò, á fi igi tú inú rẹ̀ wò. Bó bá rí aràn, á yọ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Bí kò bá rí i, ó di pé oníkẹ́mísìtì ta ògbólógbòó oògùn fún òun.

Levamisole ni oògùn tó wà nínú Ketrax. Ilé iṣẹ́ Janssen ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ló ṣe é ní 1966. Ó máa ń mú kí iṣan aràn gan gbagidi, kò ní lè di ìfun mú mọ́, ìgbẹ́ á sì gbá a jáde. Òun náà ni wọ́n ń fún àgùntàn àti ewúrẹ́, òun náà ni àwọn tó ń sin adìẹ máa ń pò mọ́ omi.

Eku ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ. Ní 1971, Gérard Renoux ní ilẹ̀ Faransé ṣàkíyèsí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ń ṣiṣẹ́ lára eku dáadáa sí i bí wọ́n bá fi levamisole tì í lẹ́yìn. Bó bá lè ta àwọn ọmọ ogun ara eku jí, bóyá á lè ta ti ènìyàn náà jí, kí wọ́n lè pa ìwọ̀nba jẹjẹrẹ tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dán an wò kiri. Ní 1990 ni Charles Moertel, oníṣègùn ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde tó mi ayé jáde. Ènìyàn 1,296 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá fún ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú. Levamisole nìkan kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn díẹ̀, tí wọ́n wá lò ó pẹ̀lú fluorouracil, oògùn jẹjẹrẹ kan, ikú fi ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọn ò fún ní oògùn kankan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ owó fi dé. Àgbẹ̀ obìnrin kan ní Illinois, tó ń lo oògùn náà, rí i pé ohun tí òun ń gbé mì ni òun ń fún àgùntàn òun. Sẹ́ǹtì 6 ni hóró kan ti àgùntàn. Ti ènìyàn? Dọ́là 6! Moertel fúnra rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà síta níwájú àpéjọ àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ ní 1992. Ilé iṣẹ́ tó ń tà á ní owó ìwádìí ló gbé iye rẹ̀ ga. Moertel ní owó ìjọba ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ Moertel yé mi ju tiwọn lọ.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí ìwádìí Moertel kò ṣe: kò sí ìsọ̀rí tó lo fluorouracil nìkan nínú rẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá jọ ti danfo ní gáréèjì, tí ẹ́ńjìnnì sì dáhùn, ta la fẹ́ sọ pé ó tì í? Ní 2000, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jábọ̀ lórí aláìsàn 4,927. Gbogbo wọn lo fluorouracil, ṣùgbọ́n levamisole ni wọ́n fi kún un fún àwọn kan, hóró tí kò ní oògùn nínú ni wọ́n fún àwọn yòókù. Levamisole kò fi nǹkan kan kún ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Àwọn tó lò ó tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tiẹ̀ fi díẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù. Fluorouracil ló ń ti mọ́tò láti ọjọ́ yìí. Bẹ́ẹ̀, levamisole lè pa ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà nínú ara. Kíá ni wọ́n gbé e kúrò nídìí jẹjẹrẹ.

Ìtàn yìí ni mo sọ fún aládùúgbò mi kan ní Ìkòròdú, tó gba ohùn kan lórí WhatsApp, tó wá bi mí bóyá kí òun ra fenbendazole, oògùn aràn ajá, fún ìyá òun tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Ọ̀rọ̀ náà nídìí o. Àwọn Gregory Riggins ní yunifásítì Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, gbin jẹjẹrẹ ọpọlọ sára eku, kò hù. Ìgbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé wọ́n ti fi fenbendazole lé aràn lára àwọn eku náà. Ní 2011 ni wọ́n kọ ọ́ jáde, pẹ̀lú ìròyìn pé mebendazole, àbúrò rẹ̀ tí ènìyàn ń lò, mú kí ẹ̀mí eku gùn sí i. Eku la ṣì ń sọ. Ará Amẹ́ríkà tó wá sọ fenbendazole di olókìkí, tó ní òun ló wo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró òun, oògùn jẹjẹrẹ tuntun kan tí wọ́n ń dán wò wà lára rẹ̀ lásìkò kan náà. Danfo tún dé. Aládùúgbò mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun á kọ́kọ́ bi dókítà.

Ibi kan wà tí oògùn aràn ti ń bá jẹjẹrẹ jà tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn. Aràn àtọ̀sí ajá máa ń ti ara ìgbín inú omi bọ́ sára ọmọ tó ń wẹ̀ lódò. Àwọn ará etí adágún Ọ̀yán, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, mọ̀ ọ́n dáadáa látìgbà tí wọ́n ti sé odò náà. Ẹyin aràn náà ló ń dá egbò sí àpò ìtọ̀, tí ọmọ á fi máa tọ ẹ̀jẹ̀. Bó bá pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, egbò yẹn lè di jẹjẹrẹ. Láti 1994 ni àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ àgbáyé ti ka aràn yìí mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Praziquantel, tí àwọn ará Jámánì ṣe, ló ń pa aràn náà.

Níbi tí wọ́n bá ti ń pín in nílé ìwé, wọn kì í gbé òṣùwọ̀n dání. Ọ̀pá kan tí wọ́n fàlà sí lára ni wọ́n máa ń gbé nàró. Ọmọ á bọ́ bàtà, á fẹ̀yìn tì í, olùkọ́ á wo ibi tí orí rẹ̀ dé, á ka iye hóró tó kàn án sí i lọ́wọ́. Oògùn náà korò bí ewúro. Ọmọ á gbé e mì, á fún ojú pọ̀, á sá lọ sídìí omi.