OJÚDE ỌBA: ILẸ̀ TÍ ÌLÚ FI Ń GBA ÀLEJÒ, ÀTI BÍ ÀWA MÙSÙLÙMÍ ṢE DÉ IBẸ̀

 

Ìbéèrè ọmọdé kan ni ó bí àròkọ yìí. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ọmọ kéú kan tí àwọn òbí rẹ̀ máa ń kó ẹja gbígbẹ lọ tà ní Ìjẹ̀bú bi mí léèrè pé: "Àfáà, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa pé ọdún méjì péré ni Mùsùlùmí ní. Kí wá ni ti Ojúde Ọba tí wọ́n ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá? Ṣé ọdún òòṣà ni àbí ọdún ẹ̀sìn?" Mo dá a lóhùn ní ṣókí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Mo rí i pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ojúde jẹ́ kò lè dáhùn ìbéèrè náà dáadáa.

Ojúde kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í sì í ṣe ìgboro. Àárín àwọn méjèèjì ni ó wà. Ilẹ̀ gbalasa tí ó wà níwájú ilé ni, tí onílé ń gbá ní àárọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ń kọjá lọ lè dúró sí kí ó kí onílé, láìsí ẹni tí yóò bi í pé kí ni ó wá ṣe. Níbẹ̀ ni a ti ń tẹ́ ẹní fún àlejò, tí a ti ń parí ìjà, tí a ti ń ṣe yìgì, tí a sì ti ń kírun sí òkú lára. Bí ojúde ilé ti rí fún ẹbí ni ojúde ọba rí fún ìlú. Iwájú ààfin ni ọjà ọba wà ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó bá kan gbogbo ènìyàn. Nígbà tí Ìsìláàmù dé, ìtòsí ibẹ̀ náà ni a kọ́ mọ́sáláṣí gbogbogbò sí ní ìlú púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti dé Òṣogbo tàbí Ìwó yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Àwọn Lárúbáwá náà ní irú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ kéú tí ẹ ti ka ìtàn ìgbésí ayé Ànábì mọ Dárun-Nadwa. Qusayy, bàbá ńlá àwọn Kuraeṣi, ni ó kọ́ ọ sí tòsí Káábà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbìmọ̀ ogun àti òwò àti ìgbéyàwó. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbìmọ̀ láti pa Ànábì kí ó tó ṣe hijira ní ọdún 622. Ní Mẹdínà, àwọn ọmọ Banu Saida ní ibi ìpàdé tiwọn tí wọ́n fi ìbòjì bò, èyí tí à ń pè ní Saqifa. Abẹ́ ìbòjì náà ni a ti fi Abubakar jẹ Khalifa ní ọdún 632, ní ọjọ́ tí Ànábì kú gan-an. Ẹ kíyè sí i pé inú mọ́sáláṣí kọ́ ni wọ́n lọ fún ọ̀rọ̀ yẹn; ibi tí ẹ̀yà kan ti máa ń jókòó sọ̀rọ̀ ni.

Mọ́sáláṣí Ànábì pàápàá gba àlejò. Ní ọdún kẹsàn-án hijira, nígbà tí àwọn aṣojú ẹ̀yà ń rọ́ wá láti ibi gbogbo, àwọn ará Thaqif wá láti Taif. Wọn kò tíì gba ẹ̀sìn nígbà náà, síbẹ̀ inú mọ́sáláṣí ni a ti pàgọ́ fún wọn kí wọ́n lè máa gbọ́ Kùránì. Ní ọjọ́ ọdún kan ẹ̀wẹ̀, àwọn ará Habaṣa fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sáláṣí kan náà, Ànábì sì dúró kí ìyá wa Aiṣa lè máa wò wọ́n títí ó fi sú u. Hadiisi yìí wà nínú Bukhari àti Muslim, a óò sì tún padà kàn án níwájú.

Ọlọ́hun kò fi irú ilẹ̀ yìí mọ sọ́dọ̀ wa àti àwọn Lárúbáwá nìkan. Ní New Zealand, orílẹ̀-èdè tí òkun yí ká, àwọn Maori ni onílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn bàbá ńlá wọn wà dé ibẹ̀, títí di òní ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn sì ń fi orúkọ ọkọ̀ tí bàbá ńlá wọn bá dé tọ́ka sí ara wọn. Ará Ìlàjẹ wo ni irú èyí yóò ṣe àjèjì sí? Ilẹ̀ ìpàdé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní marae, ilẹ̀ gbalasa níwájú ilé ńlá tí a sọ ní orúkọ bàbá ńlá wọn. Àlejò kì í ya wọ ibẹ̀ gìrìgìrì. Yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà títí obìnrin kan láti inú ilé yóò fi fi ohùn arò pè é wọlé; onílé yóò sọ̀rọ̀, àlejò yóò fèsì; wọn óò fi imú kan imú, lẹ́yìn náà ni wọn óò jọ jẹun. Bí ènìyàn wọn bá kú, ibẹ̀ ni a ń tẹ́ òkú sí fún bí ọjọ́ mẹ́ta kí gbogbo ẹbí lè dé. Ní ọdún 1840 ni wọ́n bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Waitangi, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 1977, àwọn ẹ̀yà kan jókòó sórí ilẹ̀ wọn tí ó ṣẹ́kù ní ìlú Auckland fún ọjọ́ 506 kí ọlọ́pàá tó kó wọn kúrò ní 1978, nígbà tí ó sì di ọdún 1988, ìjọba gbà láti dá ilẹ̀ náà padà. Ẹ̀yà tí kò bá ní ibi tí yóò dúró sí sọ̀rọ̀, ta ni yóò gbọ́ ohùn rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé wàyí. Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe ìlú tí ènìyàn kàn ń rìn wọ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n dí ọ̀nà mọ́ àjèjì nítorí pé ọwọ́ wọn ni òwò láàárín ọ̀sà àti òkè wà, kò sì sí oníṣòwò tí ó ń fẹ́ kí oníbàárà òun mọ ibi tí òun ti ń ra ọjà. Ìsìláàmù kò bá ogun wọ ibẹ̀. Ọwọ́ àwọn ẹrú tí a rà láti òkè ọya ni ó ti kọ́kọ́ wọlé, àwọn tí ń kírun ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ olówó wọn. Ọ̀nà omi tí àwa náà ń tọ̀ tún ràn án lọ́wọ́: nígbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó bá ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e. Ohun tí àwọn àgbà Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú máa ń sọ ni pé Awùjalẹ̀ Afìdípọ̀tẹ̀mọ́lẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fún àwọn ènìyàn wọn láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn ní gbangba, àti pé ìdúpẹ́ fún oore náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí ọba lẹ́yìn Iléyá. Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún 1892, ọ̀nà là fún gbogbo ẹ̀sìn, mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì.

Balógun Kuku ni ó sọ ìkíni náà di ńlá. Jagunjagun ni, oníṣòwò ńlá sì ni pẹ̀lú, tí ìyàwó, ọmọ, ẹrú àti ẹmẹ̀wà rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Láyé ìgbà náà, ọdún ìbílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Odeda, níbi tí àwọn ìjòyè ti máa ń kó ènìyàn wọn jáde pẹ̀lú ìlù àti ẹṣin kí ọba lè rí bí ọwọ́ wọn ti tó. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti jáde, ó di ọlọ̀tẹ̀ nìyẹn. Ní 1902, Kuku gba Ìsìláàmù. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti há mọ́ ọn. Bí ó bá lọ sí Odeda, ó ti dara pọ̀ mọ́ ètùtù òòṣà tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀. Bí kò bá lọ, ìlú yóò sọ pé ẹ̀sìn tuntun ti mú kí Balógun kẹ̀yìn sí ọba.

Kuku yan ọ̀nà kẹta. Ó fi Odeda sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín, ó sì mú ọjọ́ kẹta Iléyá, ó kó gbogbo ènìyàn rẹ̀ jáde nínú aṣọ ọdún, ó lọ kí ọba ní ojúde kan náà. Ìtà Ọba ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Òun ni ó di Ojúde Ọba. Ó kọ ètùtù, kò kọ ìlú. Lójú tèmi, ìfatúwà tí ó ṣòro ni ọkùnrin yìí fi ẹṣin dá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àfáà.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lónìí kò yàtọ̀ púpọ̀ ní ìpìlẹ̀. Lèmọ́mù àgbà àti àwọn àfáà yóò ṣe àdúà fún ọba àti ìlú. Lẹ́yìn náà ni àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yóò máa kọjá níwájú ọba, ẹgbẹ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni ẹgbẹ́ àwọn tí a bí ní ìwọ̀n ìgbà kan náà, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ẹ ó gbọ́ orúkọ bíi Gbọ́baníyì, Bọ́bagbìmọ̀, Bọ́bakẹ́yẹ àti Jagunmólú. Ètò àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n Awùjalẹ̀ Sikiru Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó gorí ìtẹ́ ní 1960, ni ó jí i dìde. Owó tí ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń dá jọ kò mọ sórí aṣọ nìkan, wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ ìlú pẹ̀lú. Níkẹyìn ni àwọn ìdílé Balógun, bíi ti Kuku, Odunuga àti Alausa, yóò gun ẹṣin wọlé pẹ̀lú ìlù àti ìbọn. Onígbàgbọ́ pọ̀ nínú àwọn tí ń jáde, kò sì sí ẹni tí ń lé wọn. Ní 2024, fọ́tò àwọn tí ó gun ẹṣin tàn kárí ayé, àwọn tí kò mọ ibi tí Ìjẹ̀bú wà sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀nà.

Ṣé ó wá bá ẹ̀sìn mu? Àwọn àfáà kan sọ pé kò bá a mu rárá, n kò sì ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ. Kíkí ọba kì í ṣe ìjọsìn. Ìdáwọ̀ọ́ ìdùnnú àti eré ẹṣin ní ọjọ́ ọdún ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nínú hadiisi àwọn ará Habaṣa tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní ọdún ẹ̀sìn kẹta, ó ṣìnà. Àṣà ìlú tí Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá owó èlé nítorí aṣọ ẹgbẹ́, kí ni a óò pe tirẹ̀? Àwọn tí irun ọ̀sán àti ti alaasari kọjá lórí wọn níbi tí wọ́n ti ń dúró de fọ́tò, kí ni wọn óò sọ fún Balógun Kuku bí wọ́n bá rí i? Nítorí irun yẹn ni ó ṣe kúrò ní Odeda.

Ọ̀rọ̀ náà tún padà wá ní 2025. Oṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn Ojúde Ọba ọdún náà, ní ọjọ́ 13 oṣù keje, Ọba Adétọ̀nà papò dà lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́rin lórí ìtẹ́. Mùsùlùmí ni. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń sọ pé kí a máa sin ọba ní ìlànà ẹ̀sìn tí ó ń ṣe, ó sì wà lára àwọn tí ó ti òfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ọdún 2021 lẹ́yìn, èyí tí ó fún ìdílé ọba ní àṣẹ lórí bí a óò ṣe sin ín. Ní ọjọ́ kejì ikú rẹ̀, àwọn àfáà kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín sí ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn oníṣẹ̀ṣe bínú, ariwo sì pọ̀. Ẹ̀rí wọn kì í ṣe kékeré: wọ́n ní oyè náà ju ẹni tí ó jẹ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Kuku náà ni, pé ṣé ènìyàn lè jẹ́ ti ìlú pátápátá láìjẹ́ ti òòṣà ìlú. Ọba tí àwọn Mùsùlùmí ti ń jáde lọ kí fún ọdún márùndínláàádọ́rin fi ikú rẹ̀ dáhùn.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú kò kàn wá ní Zion Pepe àti etí òkun Ìlàjẹ yìí. Àwa mọ iyì ilẹ̀ gbígbẹ ju ará òkè lọ. Níbi tí ilé gbé wà lórí igi tí a sì ń gba orí pákó lọ kí aládùúgbò, ojúde kò ṣeé ní lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Ayétòrò, tí àwọn ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà lọ. Ilé tí omi gbé, a lè tún un kọ́ sí ẹ̀yìn. Ibi tí gbogbo ìlú ti ń pàdé, tí a ti mọ ẹni tí ń jókòó síhìn-ín àti ẹni tí ń jókòó sọ́hùn-ún, ìyẹn kì í yára rí arọ́pò, yálà Mùsùlùmí ni àwọn tí ó ni ín tàbí onígbàgbọ́.

Ọmọ tí ó bi mí ní ìbéèrè sọ pé òun yóò bá ìyá òun lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní Iléyá tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Mo ní kí ó ka iye ẹgbẹ́ tí ó bá kọjá fún mi, kí ó sì wò ó dáadáa nígbà tí ládàánì bá pe ìrun ọ̀sán, bóyá ìlù dákẹ́.