Kì Í Ṣe Bákan Náà Ni Ilẹ̀ Ń Mì Lábẹ́ Gbogbo Ilé Ní Accra

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939, ilẹ̀ mì tìtì ní Accra. Ó kéré tán, èèyàn 17 ló kú, ọ̀pọ̀ ilé wó ní James Town, ìjọba sì kọ́ ilé tuntun sí Kaneshie àti Korle Gonno fáwọn tí kò nílé mọ́. Ẹ̀yin tí òbí yín gbé Gánà kí wọ́n tó lé àwọn àjèjì kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1969, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ ìtàn náà. Àmọ́ kí ló dé tí ilé méjì tó jọra, nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, á fi ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kan á wó, tí èkejì á kàn sán lára?

Àpáta tó já nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló ń rán ìgbì jáde, bí ìgbà tí ọmọdé ju òkúta sódò. Ohun tí ìgbì ń gbà kọjá ló ń pinnu bó ṣe máa yára tó. Ohùn wa ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́, nǹkan bí 1,500 nínú omi, ó sì ju 5,000 lọ nínú irin. Ẹni tó pariwo àtẹni tó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bákan náà ni ohùn wọn ń yára.

Àwọn kan á ní torí pé irin wúwo ni. Rárá o! Òjé wúwo ju irin lọ, síbẹ̀ ìyára ohùn nínú òjé kò tó ìdajì ti inú irin. Wíwúwo ń fa ìgbì sẹ́yìn ni. Líle ló ń mú un sáré. Òjé rọ̀, irin kò gbà kí wọ́n tẹ òun.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Accra. Lápá ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, nítòsí Nyanyano, ni ibi tí ilẹ̀ ti là lábẹ́ àwọn òkè Akwapim ti pàdé èyí tó gba etíkun kọjá. Nínú àpáta líle, ìgbì tó ń mi ilé sọ́tùn-ún sósì lè rin kìlómítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá wá kan ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn tó mumi, irú èyí tó máa ń wà létí ọ̀sà, ó lè má ju mítà 200 lọ mọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹni tó bá ti dúró létí òkun ní Labadi ti rí irú rẹ̀: ìgbì tó ń bọ̀ láti ibú á dẹwọ́ eré níbi tí omi ò ti jìn, á wá ga sókè kó tó fọ́. Agbára tí ìgbì ilẹ̀ gbé wá náà kò pòórá. Bí ìyára rẹ̀ ṣe ń dín kù ni fífì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Onílẹ̀ tó da yẹ̀pẹ̀ pupa sórí àbàtà kó tó tà á fún yín kò sọ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ di àpáta.

Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2020, ilẹ̀ tún mì ní Accra lálẹ́, àmọ́ kò le bíi ti 1939. Irú ìgbì méjì ló ń wá. Èyí tó ń tì síwá sẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ dé, ó sì sábà máa ń fúyẹ́; èyí tó ń wó ògiri ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tí ilé yín bá jìnnà tó kìlómítà 24 síbi tí àpáta ti já, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló wà láàárín méjèèjì. Ó tó láti fa ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sì jọ wọ abẹ́ tábìlì. Kò tó láti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.